Ta Ni Yóò Kó Yìnyín?

Ní Kemi, níbi tí oòrùn oṣù Kejìlá
ti ń yọ lọ́sàn-án bí àlejò tó gbàgbé fìlà,
tó sì ń padà lọ kí omi tó hó lórí iná,
yìnyín ti dé orúnkún lẹ́nu ọ̀nà wa.
Marketta ìyá wa gbé ṣọ́bìrì ti ògiri, ó ní:
"Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, kí n rí ilẹ̀."

Sampsa wo Ilpo, Ilpo wo Sampsa.
Wọ́n ní kí ẹ̀rọ ó dá a:
ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá fìdí rẹmi ni yóò kó yìnyín.
Wọ́n fi èmi Hilppa ṣe adájọ́,
torí mi ò ní ẹbí, mi ò ní àna
nínú ẹ̀rọ méjèèjì.

Kọ́ńsóòlù Ilpo wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n,
àpótí dúdú kan pẹlẹbẹ, kò ju páálí bàtà lọ.
Ìwé ìròyìn tó pín láàárọ̀ fún odidi ọdún kan ló fi rà á.
Tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Kò bi ọ́ léèrè baba rẹ.

Ti Sampsa, kọ̀ǹpútà tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò ni,
dígí lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná pupa, iná àwọ̀ ewé,
fáànù mẹ́fà tó ń kùn bí ẹni tí a jẹ lówó.
Káàdì àwòrán rẹ̀ nìkan gba owó ìgbà òtútù méjì
tó fi ṣiṣẹ́ òru nílé iṣẹ́ pákó.
Nappi ológbò wa ló mọ ìyì rẹ̀ jù:
orí rẹ̀ ló ń sùn sí, ibẹ̀ ló móoru jù nílé.

Ọkọ̀ ìsáré kan náà, igbó kan náà, afárá onígi kan náà.
Mo fi fóònù ya ojú ẹ̀rọ méjèèjì,
mo wá ń wò ó pa dà díẹ̀díẹ̀,
mo ń ka àwòrán bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.
Ti Ilpo: ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n.
Kò lé, kò dín, bí ọkùnrin tó mọ iye owó oṣù rẹ̀.
Ti Sampsa: ogóje. Ó lé mẹ́rin. Ó tún lé.
Ewé ya ara wọn sọ́tọ̀ lórí igi, ewé kan, ewé kan;
ẹrẹ̀ ta sí gíláàsì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ nujú.
Sampsa rẹ́rìn-ín olówó.

A dé orí afárá.
Kọ̀ǹpútà ní ká dúró ná, òun ń to òjìji.
Àwòrán gan. Ọkọ̀ rọ̀ sáfẹ́fẹ́ bí aṣọ tí a sá.
Nígbà tó máa jí, inú odò ló bá ara rẹ̀.
Ti Ilpo ti kọjá. Igbó rẹ̀ ṣú díẹ̀,
kòríko rẹ̀ dà bíi búrọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ó ń lọ.

"Àtúnṣe kékeré ni!"
Sampsa pa òjìji, ó gé kòríko kù,
ó tún tan òjìji, ó pa á. Wákàtí kan àbọ̀.
Mo bi í pé ìgbà wo ló ti ṣe géèmù yìí dópin.
Ó dákẹ́. Ilpo ti ṣe é dópin lẹ́ẹ̀mẹta.
Ẹni tó ń fọ ẹṣin láàárọ̀, tó ń fọ̀ ọ́ lálẹ́,
ọjọ́ wo ni yóò gùn ún?

Síbẹ̀, mi ò ní purọ́ gbe Ilpo.
Mo di páàdì rẹ̀ mú, mo ní kí ọkọ̀ yà,
ó kọ́kọ́ rò ó,
bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.
Lórí ti Sampsa, kí n tó rò ó, ó ti yà.
Ọwọ́ mi mọ ìyàtọ̀ tí ojú mi ń bá a jiyàn.

Aago méjì ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú.
Yìnyín tuntun ń bọ́ lórí ti àárọ̀,
kò sẹ́ni tó ń ka iye tó bọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá.
Mo lọ sí gáréèjì, mo mú ṣọ́bìrì kejì wá,
onírin bàbá àgbà, èyí tí ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀.
Mo na ọ̀kan sí Sampsa, mo na ọ̀kan sí Ilpo.
Wọn ò rojọ́. Wọ́n wọ bàtà.

Kọfí mi ò tíì tutù tí mo fi gbọ́ Sampsa níta:
"Tèmi ń kó ìlọ́po méjì tìrẹ lẹ́ẹ̀kan!"
Ilpo ò gbójú sókè.
"Tèmi kì í dúró lórí afárá."